Ìlú Ló Ń Tọ́ Akọni: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìgbésí Ayé Yuzuru Hanyu

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ọmọ kan tí ìṣubú jẹ́ apá kan iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣubú ní ìgbà tí kò níye, níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, ó sì kọ́ láti wo iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀: ó wo iwájú kí ó lè dìde, ó wo ẹ̀yìn kí ó má baà gbàgbé àwọn tí ó gbé e dìde. Orúkọ rẹ̀ ni Yuzuru Hanyu, ọmọ bíbí ìlú Sendai ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù.

Eré ìdárayá tí ó sọ ọ́ di olókìkí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bíi Nàìjíríà. Nínú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti máa ń mú omi dì gbagidi, tí yóò tẹ́jú bí dígí. Eléré yóò wọ bàtà tí wọ́n kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀bẹ mọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Orí irin yìí ni yóò ti máa yọ̀ lọ, yọ̀ bọ̀, tí yóò máa jó sí orin, tí yóò sì máa fò sókè láti yí po nínú afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Àwọn adájọ́ yóò wo bí ó ti fò, bí ó ti yí àti bí ó ti jó, wọn yóò sì fún un ní máàkì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni eléré ń jáde nínú ìdíje kan: eré kúkúrú ni àkọ́kọ́, eré gígùn ni èkejì, àpapọ̀ máàkì méjèèjì ni ó ń fi ẹni tí ó borí hàn. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ilẹ̀ líle ni ara yóò bá pàdé.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1994 ni wọ́n bí Hanyu. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni bàbá rẹ̀, òun ni ó sì fún un ní orúkọ. Àwọn ará Jàpáànù, bíi Yorùbá, a máa ro ìtumọ̀ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Yuzuru ń tọ́ka sí ọsán ọrun tí a fà le, tí kò dẹ̀. Ìrètí bàbá ni pé kí ọmọ náà di ẹni tí ó dúró ṣinṣin, tí ó sì ní ìgboyà. Ṣùgbọ́n ara tí wọ́n fún ní orúkọ líle yìí kò le. Láti ọmọ ọdún méjì ni ikọ́ fée ti ń bá a jà, tí mímí sì ń ni ín lára. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí pápá yìnyín. Ẹ̀gbọ́n ni ó lọ kọ́ eré. Àbúrò ni eré náà wọ̀ lẹ́jẹ̀. Ó ń wo Evgeni Plushenko, akọni ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, títí ó fi gé irun rẹ̀ bíi tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìdènà àkọ́kọ́ fi dé. Ní ọdún 2004, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti pápá yìnyín tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ pa nítorí àìtó owó. Ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn kò ní ibi tí yóò ti lo ẹ̀bùn rẹ̀ bí ó ti yẹ mọ́. Ní ọdún 2006, obìnrin kan tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní ìlú Sendai kan náà, Shizuka Arakawa, gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù ní ìdíje Olympics ìgbà òtútù ní ìlú Turin ní ilẹ̀ Ítálì. Òun ni ọmọ Jàpáànù àkọ́kọ́ tí yóò gba góòlù nínú eré yìí. Nígbà tí ó padà sílé tí gbogbo ènìyàn ń yìn ín, ó lo àǹfààní náà láti bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí kò ní ibi ìkọ́ṣẹ́. Ìjọba agbègbè náà gbọ́, wọ́n ṣe ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì ṣí pápá náà padà ní ọdún 2007.

Ẹ fi etí sí ibí yìí dáadáa. Bí Arakawa bá ti gba ògo rẹ̀ tí ó sì dákẹ́, tàbí tí àwọn aláṣẹ bá ti gbọ́ tí wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ta ni yóò mọ orúkọ Hanyu lónìí? Ohun ìlú tí a bá tì pa, ọmọ kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti pápá ìṣeré tí koríko bò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ìkàwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, ọmọkùnrin yìí borí nínú àṣekágbá ìdíje Grand Prix ti àwọn ọ̀dọ́. Ní ọdún 2010 ó di akọni àgbáyé láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ ọdún 15 ni. Ọ̀nà ti là, ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tí yóò dí i mọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ní agogo méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 46, ilẹ̀ mì tìtì ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Jàpáànù. Ìmìtìtì ilẹ̀ náà ni ó lágbára jù lọ nínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Òkun ru sókè, ó ya wọ àwọn ìlú etíkun, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn. Àwọn tí ó kú lé ní 15,000. Hanyu, ọmọ ọdún 16, wà lórí yìnyín ní Sendai ní ìṣẹ́jú náà. Ó sá jáde pẹ̀lú bàtà onírin lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò rí àyè bọ́ ọ. Ilé wọn bàjẹ́. Òun, bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́rin ní ibi ìsádi, láàárín àwọn ará ìlú tí wọn kò mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Pápá yìnyín tí wọ́n fi làálàá ṣí padà náà tún bàjẹ́, wọ́n sì tún tì í.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Kí ni ìwúlò ijó orí yìnyín ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wá òkú nínú ẹrẹ̀? Ọmọ náà rò ó títí, ó sì ń wò ó bóyá kí òun kúkú fi eré náà sílẹ̀. Ọsán já, ọrun dọ̀pá, ni àwọn àgbà ń wí. Ṣùgbọ́n ọsán yìí kò já. Kò tíì pé oṣù kan tí àjálù náà ṣẹlẹ̀ tí ó lọ ṣeré ní ìlú Kobe, níbi àpéjọ tí wọ́n fi kó owó jọ fún àwọn tí ọ̀ràn náà kàn. Kobe fúnra rẹ̀ mọ ìrora yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1995, nígbà tí Hanyu ṣì jẹ́ ìkókó, ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó Kobe lulẹ̀ rí. Ìlú náà sì ti dìde. Ẹni tí ó bá dúró ní Kobe lọ́jọ́ náà yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé Sendai náà lè dìde. Nítorí pé kò ní pápá tirẹ̀ mọ́, Hanyu ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ó ṣeré níbi àṣehàn tí ó tó nǹkan bí 60 ní ọdún náà, ó sì ń lo àyè tí ó bá rí níbẹ̀ láti fi kọ́ṣẹ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ọdún kan lẹ́yìn àjálù, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú ìdíje àgbáyé ní ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún 17 ni. Ní ọdún kan náà ni ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde. Owó tí ó yẹ kí ó wọ àpò rẹ̀ lórí ìwé náà, pápá yìnyín Sendai ni ó fi ta lọ́rẹ. Kò tíì di ọlọ́rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú Toronto ní Kánádà, láti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Brian Orser. Ìyá rẹ̀ bá a lọ. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ní Sendai. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà ni Javier Fernandez, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ti ń kọ́ṣẹ́. Orí yìnyín kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń du ipò kan náà nínú ìdíje. Dípò kí wọ́n máa gbẹ́ kòtò fún ara wọn, wọ́n ń pọ́n ara wọn bí irin ti ń pọ́n irin. Wọ́n di ọ̀rẹ́, àwọn méjèèjì sì di akọni àgbáyé.

Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ní Sochi ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Hanyu gba máàkì 101.45 nínú eré kúkúrú. Kò sí ẹni tí ó tíì kọjá 100 rí. Nínú eré gígùn, ó ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mejì, síbẹ̀ òun ni ó gba góòlù. Òun ni ọkùnrin àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Éṣíà tí yóò gba góòlù Olympics fún ọkùnrin tí ń dá ṣeré orí yìnyín. Ọmọ ọdún 19 ni, ṣùgbọ́n kò fọ́nnu. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé eré òun kò tẹ́ òun lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n sì bi í nípa àwọn ará ìlú rẹ̀ tí àjálù bá, ó ní òun nìkan kò lágbára láti tún ìlú kọ́, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbé òun dé ibi tí òun dé. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ìyìn rẹ̀ gan-an.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí akọni bá ṣe ni ó yẹ láti fara wé láìronú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ní Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà, òun àti eléré mìíràn, Han Yan, forí gbárí nígbà tí wọ́n ń nára. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Wọ́n wé e lórí, ó sì padà sórí yìnyín, ó ṣubú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó gba ipò kejì. Àwọn kan yìn ín. Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kí ó ṣeré lẹ́yìn irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó sọ èyí ní ìdí, nítorí orí kò ní ààrọ̀. Ojúṣe ọ̀dọ́ ni láti ní ìgboyà. Ojúṣe àgbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ìgbà tí yóò ní kí ó dúró.

Ní ìparí ọdún 2015, ó gba máàkì 322.40 ní ìlú Nagano, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá 300 rí. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ó tún gba 330.43 ní Barcelona. Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni ó fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ó ṣubú níbi ìdánrawò, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣèṣe. Oṣù mẹ́ta péré ni ó kù kí Olympics bẹ̀rẹ̀ ní PyeongChang ní Gúúsù Kòríà. Nǹkan bí oṣù méjì ni kò lè tẹ yìnyín. Nígbà tí ó dé PyeongChang, ó borí pẹ̀lú máàkì 317.85. Láti ọdún 1952 tí Dick Button ti Amẹ́ríkà ti gba góòlù ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ léraléra, kò sí ọkùnrin mìíràn tí ó ṣe irú rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Fernandez, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó gba idẹ. Àwọn méjèèjì dì mọ́ ara wọn, omijé sì bọ́ lójú wọn.

Ìdíje PyeongChang yìí kan náà ni Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú Olympics ìgbà òtútù. Ṣeun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga wà nínú ẹgbẹ́ tí ó fi ọkọ̀ sáré lórí yìnyín. Simidele Adeagbo dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ kékeré tirẹ̀, ó fi orí ṣíwájú. Kí wọ́n tó ní ọkọ̀ gidi, Ṣeun Adigun fi pákó kan ọkọ̀ ìdánrawò fúnra rẹ̀. Wọn kò gba àmì-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là kò ní dí mọ́.

Nígbà tí Hanyu padà sí Sendai, àwọn tí ó tú jáde láti kí i ní ojú títì lé ní 100,000. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ìjọba Jàpáànù fi oyè ìyẹ́sí ńlá dá a lọ́lá; òun ni ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù lọ tí ó dá gba oyè náà. Síbẹ̀ kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2020 ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Waseda, níbi tí ó ti fi ẹ̀rọ ṣe ìwádìí lórí bí ara eléré ti ń rìn nígbà tí ó bá fò sókè. Ohun tí ara rẹ̀ mọ̀, ó fẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù lọ́kàn rẹ̀: fífò tí eléré ń kọ iwájú síbi tí ó ń lọ láti fò, tí yóò sì yí po ní ẹ̀ẹ̀mẹrin àtààbọ̀ kí ó tó balẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é nínú ìdíje. Ní Beijing ní oṣù Kejì ọdún 2022, irin bàtà rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sínú ihò kan lórí yìnyín nínú eré kúkúrú, ó sì bọ́ sí ipò kẹjọ. Bí ó bá fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ, ọ̀nà tí ó dájú ni kí ó ṣe ohun tí ó ti mọ̀ dáadáa. Kò yan ọ̀nà yẹn. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń dùn ún, ó gbìyànjú fífò náà, ó ṣubú, ó dìde, ó sì parí eré rẹ̀. Ipò kẹrin ni ó gbà. Ṣùgbọ́n òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn adájọ́ ka irú fífò bẹ́ẹ̀ sí lọ́rùn nínú ìdíje àgbáyé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀dọ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ilia Malinin, fò ó, ó sì balẹ̀ láìṣubú. Ó jẹ́wọ́ pé Hanyu wà lára ohun tí ó fún òun ní ìmísí. Àṣetì ẹnìkan lè jẹ́ àtẹ̀gùn ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, Hanyu kéde pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni díje mọ́, pé àṣehàn ni òun yóò máa ṣe. Láti oṣù Kẹta ọdún 2023, ó ń ṣe àṣehàn kan ní ìrántí àjálù ọdún 2011. Ní ìlú Rifu, nítòsí Sendai, ni ó ti kọ́kọ́ ṣe é, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ dunjú: ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ òkú àwọn tí ó bá omi lọ sí, tí àwọn ẹbí wá ń wá ènìyàn wọn. Ìbéèrè tí ọmọ ọdún 16 náà bi ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti padà wá dáhùn rẹ̀: ibi tí wọ́n ti sunkún ni ó ti fi ijó rẹ̀ tù wọ́n nínú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọmọ tí kò lè mí dáadáa ni ó di akọni àgbáyé. Ẹ má ṣe ka ìṣubú sí òpin. Ẹ má sì ka ògo sí tiyín nìkan. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n mú lọ, àbúrò ni ẹ̀bùn náà jáde lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí àyè dán ohun rere wò. Ẹ̀yin olórí àdúgbò àti aláṣẹ, pápá kan tí wọ́n ṣí padà ni ó mú ìtàn yìí ṣeé ṣe. Ẹ wo àyíká yín, ẹ wo ohun tí a ti tì pa tí ó yẹ kí a ṣí. Ẹni tí ó bá sì ti rí ànfààní gbà ní ìlú, kí ó rántí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Kí ọsán ọrun yín má já o.